Ẹlẹ́rìí Méjì Níwájú Ọba

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ kì í yára kọjá lára rẹ̀. Ohun kan ń bẹ nínú ènìyàn tí ń dá a lẹ́bi nígbà tí kò sí ojú kan tí ó rí i, tí ó sì ń dá a láre nígbà tí gbogbo ayé ń bú u. Ẹ̀rí-ọkàn ni àwa Yorùbá ń pe ohun náà. Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wo orúkọ yìí. Ẹ̀rí ni. Ibi tí ẹ̀rí sì ti wúlò jù lọ ni ibi tí a ti ń dá ẹjọ́. Ohun tí èdè wa ń wí ni pé olúkúlùkù ènìyàn ni ó gbé ẹlẹ́rìí kan sínú ara rẹ̀, ẹlẹ́rìí tí kì í sùn, tí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kò lè pa á lẹ́nu mọ́, tí ó sì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a ṣe ohun tí a ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń yí lọ yí bọ̀ nínú mi nígbà tí mo jókòó wo eré sinimá kan tí a ń pè ní A Man for All Seasons. Robert Bolt, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ ọ́. Fred Zinnemann ni ó darí rẹ̀. Orí ìtàgé ní London ni wọ́n ti ṣe é ní 1960 kí ó tó di sinimá ní 1966. Ní 1967 ó gba ẹ̀bùn Oscar mẹ́fà ní Amẹ́ríkà, nínú èyí tí ẹ̀bùn sinimá tí ó dára jù lọ ní ọdún náà wà, àti ẹ̀bùn òṣèré tí ó dáńtọ́ jù lọ fún Paul Scofield, ẹni tí ó ṣe Thomas More. Kò sí ogun nínú eré yìí, a kò sì gbọ́ ìró ìbọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá wò ó kò ní lè mú ojú kúrò, nítorí pé ọrùn ènìyàn kan ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu náà wọ̀n.

Bí wọ́n bá ní kí n yí àkọlé rẹ̀ sí èdè wa, n ó pè é ní Ẹni Òjò, Ẹni Ẹ̀ẹ̀rùn, èyí ni ẹni tí ìgbà kò lè yí padà. Kì í ṣe Bolt ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà. Olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Robert Whittington ni ó fi yin More ní nǹkan bí 1520, nígbà tí oòrùn ojú rere Ọba ṣì ń ràn sí i lára. Òjò kò tí ì dé nígbà náà.

Ìtàn tòótọ́ ni ìtàn náà. Henry kẹjọ jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1509, ó sì fẹ́ Catherine ará Aragon, opó arákùnrin rẹ̀ tí ó ti kú, lẹ́yìn tí Póòpù ti yọ̀ǹda fún un. Nínú àwọn ọmọ tí obìnrin náà bí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Mary, ni ó yè. Ọba ń fẹ́ ọmọkùnrin tí yóò jókòó sórí ìtẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ sì ti wà lára Anne Boleyn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ìgbéyàwó òun àtijọ́ kò tọ̀nà, kí Póòpù fagi lé e. Póòpù Clement keje kò gbà. Kádínà Wolsey, tí Ọba fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, kò rí i ṣe, oyè sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1529. Lẹ́yìn ọdún kan, ojú ọ̀nà ni ó kú sí, bí wọ́n ti ń mú un bọ̀ wá sí London láti wá jẹ́jọ́ ọ̀tẹ̀. Thomas More ni Ọba fi rọ́pò rẹ̀ sí ipò Lord Chancellor, olùtọ́jú èdìdì Ọba àti àgbà adájọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo rí nínú eré náà tí kò kúrò lójú mi. Ọba wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kí More ní ilé rẹ̀ létí odò Thames. Bí ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, Ọba bẹ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rì sínú ẹrẹ̀. Gbogbo àwọn ìjòyè tí ó wà nínú ọkọ̀ dákẹ́ lọ gbáà, wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n rẹ́rìn-ín tàbí kí wọ́n gbọ̀n. Ọba wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn náà bú sẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì ń fò sínú ẹrẹ̀ tẹ̀lé e pẹ̀lú aṣọ olówó iyebíye lọ́rùn wọn. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi. Mo bi ara mi léèrè pé, bí ó bá jẹ́ pé kànga ni Ọba fò sí ńkọ́?

Ọba tí ó ní irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, kí ni ó tún ń wá lọ sí ilé More? Kókó eré náà nìyí. Ọba fúnra rẹ̀ jẹ́ kí More mọ̀ pé àwọn kan ń tẹ̀lé òun nítorí adé, àwọn kan nítorí ohun tí wọn yóò jẹ. Ṣùgbọ́n More jẹ́ olóòótọ́, gbogbo ìlú sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ọba tí ó ní ẹgbẹ̀rún ẹnu tí ń wí bẹ́ẹ̀ ni, ebi ẹnu kan ṣoṣo tí kì í purọ́ ń pa á. Àwa tí a ń kí ọba wa ní kábíyèsí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, pé kò sí ẹni tí yóò bi í. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kan náà tí wọ́n ń kí Aláàfin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi Ọ̀yọ́ Mèsì jókòó tì í, kí ẹnìkan lè wà tí yóò bi í. Àwọn àgbà mọ̀ pé ọba tí kò ní ẹni tí yóò dá a lóhùn ti wà nínú ewu.

Ní oṣù karùn-ún 1532, nígbà tí àwọn àlùfáà àgbà ilẹ̀ náà tẹrí ba fún Ọba lórí ọ̀ràn ìjọ, More dá èdìdì padà fún un, ó sì lọ jókòó sílé. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò sì dá ẹgbẹ́ ọ̀tẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó di 1534, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin pé kí àwọn ènìyàn búra pé àwọn ọmọ Anne ni yóò jogún ìtẹ́. More gbà pé àwọn aṣòfin lè yan ẹni tí yóò jọba. Ohun tí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ búra sí ni àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí a dì mọ́ ọn, àwọn tí ń sọ ìgbéyàwó àkọ́kọ́ di asán tí wọ́n sì ń ti àṣẹ Póòpù sẹ́yìn. Nítorí náà wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Tower ní London ní oṣù kẹrin ọdún náà. Ní ìparí ọdún, òfin mìíràn tún jáde tí ó sọ Ọba di olórí ìjọ, òmíràn sì sọ ọ́ di ọ̀tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti sọ̀rọ̀ lòdì sí oyè náà.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀nà tí More gbà yàtọ̀. Amòfin ni, ó sì mọ̀ pé òfin lè pa ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pa ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Ó fi ìdákẹ́ ṣe asà. Àgbàrá ọ̀rọ̀ ni Cromwell, ìránṣẹ́ àgbà Ọba, dà lé e lórí, kò sì rí gbólóhùn kan gbà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ náà ni ó wá ń ró kiri gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí agogo, nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ̀ pé bí ó bá ṣe pé More gbà pẹ̀lú Ọba ni, kò sí ohun tí ìbá dí i lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ òfin yìí gba àròjinlẹ̀. Ìgbà kan wà nínú eré náà tí ọ̀dọ́mọkùnrin Roper, tí yóò di àna More, ń bínú pé ó yẹ kí wọ́n mú olófòófó kan tí ń bọ̀ wá ṣe wọ́n ní ibi. More béèrè òfin tí ọkùnrin náà rú. Roper ní òun ṣetán láti gé gbogbo òfin ilẹ̀ náà lulẹ̀ bí ọwọ́ òun yóò bá fi tẹ èṣù. More jẹ́ kí ó mọ̀ pé ní ọjọ́ tí èṣù bá yíjú padà sí i, tí kò sí igi òfin kan tí ó ṣẹ́kù ní ìdúró, kò ní sí ibi tí yóò sá sí. Èmi rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń ṣe òṣèlú gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Nígbà tí ọ̀tá wa bá wà nínú ìgbèkùn, ó máa ń dùn mọ́ wa pé kí òfin sùn díẹ̀. A ń gbàgbé pé ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n kì í bi ẹni tí ń wọlé léèrè ẹgbẹ́ tí ó wà.

Mo ti dárúkọ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀. Duke ti Norfolk jẹ́ ọ̀rẹ́ More tòótọ́, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó rọ More pé kí ó ṣe bí àwọn yòókù ti ṣe, kí ó bá wọn fọwọ́ sí i, ó kéré tán nítorí ẹgbẹ́. More bi í pé nígbà tí ìwọ bá lọ sí ọ̀run rere nítorí pé o ṣe ohun tí ọkàn rẹ gbà, tí èmi sì lọ sí ọ̀run àpáàdì nítorí pé mo ṣe ohun tí ọkàn mi kọ̀, ṣé ìwọ yóò wá bá mi níbẹ̀ nítorí ẹgbẹ́? Norfolk kò rí èsì fọ̀. Èmi náà tí mo ń wò ó kò rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti dùn tó létí wa: nítorí ẹgbẹ́. A ti fi ṣe ohun rere púpọ̀. A ti fi kọ́ ilé fún opó, a ti fi dáwó ran aláìní lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò lè bá ẹnikẹ́ni kú, kò sì lè bá a dáhùn ní ọjọ́ ìdájọ́.

Ọmọbìnrin rẹ̀ Margaret náà wá bá a nínú ẹ̀wọ̀n. Ó bẹ baba rẹ̀ pé kí ó fi ẹnu búra, kí ó sì fi ọkàn rò ó lọ́nà mìíràn. Baba rẹ̀ fi ẹni tí ń búra wé ẹni tí ó bu omi sí àtẹ́lẹwọ́: ara rẹ̀ ni omi náà, bí ó bá la ìka, kò tún ní rí ara rẹ̀ kó jọ mọ́. Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé ìbúra kì í ṣe eré? Àwọn baba wa kì í fi irin sẹ́nu búra irọ́. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé nígbà tí ìbúra di ti ìwé àti ti lẹ́dà tí a fi ń tẹ̀ ẹ́, ó dà bí ẹni pé ẹ̀rù rẹ̀ kò tún bà wá mọ́.

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ ni mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti òkè wá, èyí tí ó wà nínú More. Ẹlẹ́rìí kejì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Richard Rich. Nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀, tálákà ni, ó sì ń bẹ More pé kí ó wá iṣẹ́ fún òun ní ààfin. More wò ó, ó mọ̀ ọ́n. Ó ní kí ó lọ ṣe olùkọ́, nítorí pé ní ààfin, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ ni yóò máa na àbẹ̀tẹ́lẹ̀ sí i. Ife fàdákà kan wà tí obìnrin kan tí ó ní ẹjọ́ fi ránṣẹ́ sí More. Bí More ti mọ̀ pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, ó gbé e fún Rich. Rich tà á, ó fi ra aṣọ. Àwọn àgbà ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Rich kò burú ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ ní ọjọ́ náà. Ebi ni ó ń pa á, ojú sì ń tì í nítorí aṣọ ọrùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti orí ife ni ó ti bọ́ sí orí òfófó kékeré, láti orí òfófó sí orí oyè, títí ó fi dé ibi tí kò ti lè padà sẹ́yìn mọ́.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1535, wọ́n gbé More wá sí Westminster Hall láti jẹ́jọ́. Norfolk ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn adájọ́. Asà ìdákẹ́ ṣì ń gbà á, títí wọ́n fi pe Rich. Rich búra, ó sì jẹ́rìí pé More sọ fún òun nínú ẹ̀wọ̀n pé Ilé Aṣòfin kò lè sọ Ọba di olórí ìjọ. More ní irọ́ ni. Nínú sinimá náà, bí Rich ti ń lọ, More rí ẹ̀wọ̀n oyè ní ọrùn rẹ̀, ó béèrè ohun tí ó jẹ́. Wọ́n ní wọ́n ti fi í ṣe agbẹjọ́rò àgbà ti Ọba fún Wales. Ẹnu ya More pé ènìyàn tí kò gbọdọ̀ ta ọkàn rẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fi gbogbo ayé rà á, ó wá tà á nítorí Wales. Ẹni tí ó ka Bíbélì yóò rántí Nábótì àti ọgbà àjàrà rẹ̀. Áhábù tí ó jẹ ọba kò lè fi agbára nìkan gba ọgbà náà. Ó di dandan kí wọ́n wá ẹlẹ́rìí èké. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Henry. Gbogbo agbára rẹ̀, gbogbo ọmọ ogun rẹ̀, kò tó láti pa ọkùnrin kan lábẹ́ òfin, títí ó fi rí ẹnìkan tí yóò purọ́ fún un.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù náà, wọ́n bẹ́ More lórí. Ó ní ìránṣẹ́ rere ni òun jẹ́ fún Ọba, ṣùgbọ́n ti Ọlọ́run ni òun kọ́kọ́ jẹ́.

Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Àwọn tí wọ́n ra èké ńkọ́? Kí ọdún kan tó yí po, ní oṣù karùn-ún 1536, orí Anne Boleyn bọ́ sílẹ̀. Ní 1540, wọ́n bẹ́ Cromwell náà lórí bí ọlọ̀tẹ̀. Norfolk wà nínú ẹ̀wọ̀n ní 1547, ikú ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí Ọba tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. N kò ní fi ìtàn tan yín jẹ, ẹ̀yin òǹkàwé: Rich kò jìyà. Òun náà di Lord Chancellor, orí ibùsùn rẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1567. Mo fẹ́ràn sinimá náà nítorí pé kò fi èyí pa mọ́. Ẹni tí ń ṣe òtítọ́ kí ó tó lè jèrè ti ṣì ọjà mú.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí sinimá náà fi pa mọ́, kò sì yẹ kí n bá a fi í pa mọ́. Nígbà tí More fúnra rẹ̀ wà ní ipò àṣẹ, wọ́n dáná sun àwọn ènìyàn mẹ́fà nítorí pé ìgbàgbọ́ wọn yàtọ̀ sí ti ìjọ, More sì fọwọ́ sí irú ìyà bẹ́ẹ̀. Àwọn náà ní ẹ̀rí-ọkàn. Àwọn náà kọ̀ láti fi ẹnu sọ ohun tí ọkàn wọn kò gbà. Ní 1935 ìjọ Kátólíìkì sọ More di ẹni mímọ́, ní 2000 Póòpù John Paul kejì sì fi í ṣe alágbàwí àwọn olóṣèlú. N kò bá wọn jiyàn. Ohun tí mo ń wí ni pé ó rọrùn fún ènìyàn láti mọ iyì ẹ̀rí-ọkàn tirẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí ó bọ̀wọ̀ fún ti ẹni tí ó lòdì sí i.

Ẹni tí ó kọ eré náà pàápàá kò mọ́ bí ẹyin. Ní 1961, ọdún kan lẹ́yìn tí eré rẹ̀ ti gba ìyìn ní London, wọ́n mú Robert Bolt pẹ̀lú àwọn tí ń ta ko àdó olóró átọ́míìkì. Wọ́n ní kí ó fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní dá rúgúdù sílẹ̀. Ó kọ̀, wọ́n sì jù ú sí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Iṣẹ́ sinimá mìíràn ń dúró dè é níta. Ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà wá bá a, ó bẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ ọ́, Bolt sì fọwọ́ sí ìwé náà kí oṣù tó pé. Ó kábàámọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo mọ̀ nípa èyí, n kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, àṣé ọ̀nà náà ṣòro tó báyìí, tí ẹni tí ó júwe rẹ̀ fún gbogbo ayé fi kọsẹ̀ lójú rẹ̀.

Kí ni èyí kàn wá? A ní aṣáájú, a sì fẹ́ràn wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí ó yí Henry ká, ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tòótọ́? Ṣé àwọn tí wọ́n fò sínú ẹrẹ̀ ni, tàbí ẹni tí ó dúró létí odò tí kò fò? Aṣáájú tí ó bá ní Rich mẹ́wàá lẹ́yìn, tí kò ní More kan, ẹ káàánú rẹ̀. Irọ́ tí a bá pa fún un lónìí láti fi mú ọ̀tá rẹ̀, irọ́ kan náà ni wọn yóò fi mú òun lọ́la, Cromwell lè jẹ́rìí sí i.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ìwé kan wá síwájú wa kí a fọwọ́ sí, tí wọ́n sì ní kí a má kà á, nítorí ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí a kà á. Bí wọ́n bá ní kí a jẹ́rìí sí ohun tí ojú wa kò rí, ẹ jẹ́ kí a sọ pé ojú wa kò rí i. Ẹlẹ́rìí méjì ni yóò wà níwájú gbogbo ọba títí ayé: ọ̀kan wà fún títà, ọ̀kan kò sí fún títà. Kí olúkúlùkù wádìí inú ara rẹ̀ wò, kí ó mọ èwo ni òun jẹ́, kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀ ní ilé ẹjọ́.